Fíìmù Tí Ọkọ Rẹ̀ Ń Wá

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó ń ti Nima lọ sí Kantamanto, ni mo ti gbọ́ bí obìnrin kan ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

"Fíìmù tí ọkọ mi ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò rántí orúkọ rẹ̀. Ó kàn rántí obìnrin tó fi bàtà sílẹ̀ létí odò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó kú ni wọ́n jọ wò ó."

"O ò bá a wá a?"

"Mo ti rí i láti ìjẹta. Mi ò fi hàn án."

"Òkú lò ń jowú?"

"Òkú kì í hewú, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mò ń hewú lójú rẹ̀."

Fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Mi ò tíì rí i," ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Mo ṣì ń bá yín wá a."