Mo Jẹ́ Ìpè Tí Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ lónìí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ó ti lé lógún ọdún tí ẹ ti ń pè mí síbí ní oṣù Karùn-ún pé kí n wá gba àwọn ọmọ níyànjú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń sọ, àwọn ìyá yín ti mọ̀ ọ́n sórí: pé ní ọdún 1934, nígbà tí ọ̀dá mú ilẹ̀ Nebraska tí eruku ń pa màlúù lórí ìdúró, èmi Leota Brandt gbé báàgì kan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Omaha, mo ṣiṣẹ́ kárakára, mo sì di ọ̀gá. Gbólóhùn kan ni mo fi ń kádìí rẹ̀: "Kò sẹ́ni tó gbé mi gòkè, ọwọ́ ara mi ni mo fi gun àkàbà." Ẹ ó sì pàtẹ́wọ́. Lónìí, n kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ti jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò ní í rí oṣù Karùn-ún mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń lé ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu mi. Obìnrin kan ló ń dúró dè é láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta sẹ́yìn, ìdúró náà sì ti tó gẹ́ẹ́.

Ẹ kò bá tẹlifóònù ayé ìgbà náà. Wáyà kan ṣoṣo ni ilé mẹ́jọ ń lò lójú ọ̀nà wa. Bí ìpè bá wọlé, gbogbo ilé ni yóò ti dún, bó bá sì ṣe dún lẹ ó fi mọ ẹni tó ni ín. Tiwa jẹ́ gígùn méjì. Ti àwọn Nyberg, tí oko wọn bá tiwa pààlà, jẹ́ gígùn kan àti kúkúrú méjì. Wọ́n ní ẹni tí kò ni ìpè kò gbọdọ̀ gbé e. Gbogbo wa là ń gbé e. Ìyá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì a máa fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ èémí rẹ̀. Èmi burú jù ú lọ. Mo fẹ́ mọ ohun gbogbo: ta ló gba lẹ́tà, ta ló ń bá ọkọ rẹ̀ jà, irú fìlà wo ni wọ́n ń dé ní Omaha. Eruku nìkan ló wà nílé wa. Inú wáyà yẹn ni ayé wà.

Hedda Nyberg lọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àwa méjèèjì. Orí taipuráítà kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ̀kọ́ yìí la ti jọ kọ́ṣẹ́, ìka rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Nígbà tí ọ́fíìsì kan tó ń ta irúgbìn ní Omaha kéde pé àwọn ń wá ọmọbìnrin kan, àwa méjèèjì la kọ̀wé. Hedda ní, "Bí mo bá kọ́kọ́ dé òkè, n ó sọ àkàbà náà sílẹ̀ fún ọ." Mo ní bó bá jẹ́ èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òtítọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, mo ń rẹ aṣọ tí a fi ń dí fèrèsé nítorí eruku, nígbà tí tẹlifóònù dún: gígùn kan, kúkúrú méjì. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gbé e, kí n kàn gbọ́ ni. Ohùn ọkùnrin kan béèrè bóyá Omidan Hedda Nyberg ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀. Ó yẹ kí n sáré gba inú oko lọ pè é. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ bá a sọ. Mo ní, "Èmi náà ni, sà." Mo gbọ́ kó lórí wáyà, bí ìgbà tí ẹlòmíràn gbé tirẹ̀. Mo rò pé ìyá arúgbó Kucera ni, tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ gbogbo ilé bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ìlú tí wọ́n ti wá nìkan ló gbọ́. Ọkùnrin náà ní nínú ọgọ́jọ lẹ́tà tó dé ọwọ́ àwọn, ti Hedda ló mọ́ jù, pé kó wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ. N kò mọ ibi tí mo ti rí èsì tí mo fún un. Mo ní, "Ó mà ṣe o, sà, mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, n kò lè wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà tó mọ taipuráítà tẹ̀ bíi tèmi, Leota Brandt." Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ilé rẹ̀. Mo ní gígùn méjì. Kò pẹ́ tí tẹlifóònù wa fi dún, gígùn méjì. Mo wú ikọ́, mo gbé ohùn mi sókè díẹ̀ kó lè yàtọ̀, mo sì dúpẹ́ bí ẹni tí kò retí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì Hedda wá dágbére fún mi. Ó gbé bàtà dúdú rẹ̀ wá, ọ̀kan ṣoṣo tó ní tó dára, ó ní a kì í wọ bàtà oko lọ sí ọ́fíìsì. Òun ló bẹ̀rẹ̀ tó so okùn rẹ̀ fún mi. Ó wá wojú mi, ó ní, "Leota, ṣé kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ bá mi sọ?" Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, kí n má gbàgbé àkàbà.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ló burú jù. Kì í ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ọ̀gá wa ní iṣẹ́ ti pọ̀, ṣé mo mọ ọmọbìnrin kan láti ìlú wa tó lè wá ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́tà Hedda wà nínú àpò mi, tó ní bàbá òun ti kú, àti pé ọ̀dùnkún ni àwọn ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rántí pé bó bá wọlé, ọ̀gá yóò béèrè ọkọ rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé. Mo ní, "N kò mọ ẹnì kankan, sà." Bàtà rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo sọ ọ́.

Ìyókù lẹ mọ̀: mo gòkè, mo padà wálé, mo ṣí ilé ìtajà irúgbìn, ẹ kọ orúkọ mi sára ilé ìkàwé yín. Hedda fẹ́ àgbẹ̀, ó sì ti ń dáná nínú kíṣìnì ilé ẹ̀kọ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ọmọ tí kò tíì fi búrẹ́dì dídùn rẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta. Ní oṣù Kẹta tó kọjá, báǹkì lu oko wọn ní gbàǹjo, bí wọ́n ti ṣe ti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níhìn-ín. Mo lọ. Láàárín àwo àti ìjánu ẹṣin, mo rí tẹlifóònù àtijọ́ tí wọ́n yọ lára ògiri ìyá rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e. Hedda sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Gbé e lọ, Leota. Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ."

Mo yíjú sí i. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ ni. Ó ní ìdí okùn tí òun ń sá aṣọ sí lòun ti sáré wá, tí òun gbé e, tí òun sì gbọ́ tí "Hedda" kan ń sọ lórí wáyà pé òun fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. "Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo ń fẹ́," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu kọ́kọ́ ya òun ni. Lẹ́yìn náà òun ní n ó sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí òun ń so okùn bàtà, òun rò pé n ó sọ ọ́ nígbà náà. Nígbà tó yá, òun kàn fẹ́ mọ bí ẹ̀dá ṣe lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó. Ó ní, "Kí lo rò pé ó ń mú mi jáde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ní gbogbo oṣù Karùn-ún? Mo ń wò ó bóyá ọdún yìí ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ dára, n kò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Hedda ṣiṣẹ́ jù mí lọ. Ìyá àti bàbá yín ṣiṣẹ́ jù mí lọ, ẹ sì rí ibi tí wọ́n wà. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró níbi tí mo dúró sí yìí, tó ní kò sẹ́ni tó gbé òun gòkè, ẹ bi í pé bàtà ta ló wọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìpè tí kì í ṣe tiyín, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ sáré gba inú oko lọ pe ẹni tó ni ín.

Mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn rẹ. N kò ní kí o dárí jì mí lójú gbogbo ènìyàn, nítorí ìyẹn náà yóò dà bí kí n tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé o lè jókòó báyìí. Hedda, ọdún yìí ni.