Sáfà Tó Ní Ọmọ Mi Ti Sọ̀kalẹ̀

Má dá mi lóhùn o! Má dá mi lóhùn rárá! Jókòó. Mo ní kó o jókòó, kó o pa kọ̀ǹpútà yẹn dé, kó o wojú mi. Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n ẹ lo fẹ́ pa ni, àbí ọmọ tí mo bí?

Ṣebí ìwọ lo gba fóònù mi lánàá, tó ò ń ṣe bí ọmọlúàbí, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n fi áàpù tí mò ń ṣe fún àwọn oníbọ́ọ̀sì iléèwé síbẹ̀, ẹ kàn bá mi wò ó bóyá ìkọ̀wé ẹ̀ tóbi tó." Inú mi dùn! Mo ní àbúrò mi ti dèèyàn, mi ò ní máa na ọrùn lójú fèrèsé mọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè kí ọmọ mi tó dé.

Ó wá di ọ̀sán òní. Mò ń wọn aṣọ fún oníbàárà lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ń bẹ lẹ́nu mi, ni mo bá tẹ áàpù ẹ. Kí ló sọ? "Ọmọ yín ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo wo aago, mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú! Mo ṣílẹ̀kùn, kò sọ́mọ. Mo dé géètì, kò sọ́mọ. Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń dá rìn nígboro fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko! Yéè! Orí mi fò lọ!

Mo tu abẹ́rẹ́ dànù, mo figbe ta. Ṣó o mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi? Oníbàárà tẹ̀ lé mi, aṣọ tó wà lára ẹ̀ ò ju alápá kan lọ, apá kejì ṣì wà lórí máṣíìnì, ló bá ń sáré kiri àdúgbò, ó ń pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ! Mo fa bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé kejì lọ́rùn aṣọ, mo ní ibo ló gbọ́mọ mi sí. Bàbá tó ń fọ kẹ́tùlù ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́! Ó ní, "Ìyá, mi ò rí bọ́ọ̀sì kankan." Mo ní irọ́ ló ń pa! Mo ní fóònù mi kì í parọ́! Èmi, àgbàlagbà!

Bọ́ọ̀sì wá yọ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Táyà ló jò. Ọmọ mi sọ̀kalẹ̀, bisikíìtì lẹ́nu, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Màámi, bàtà yín kejì ńkọ́?" Mo gbá a mọ́ra débi pé bisikíìtì rún mọ́ ọn láyà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àyà mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Kí lo wá sọ nígbà tí mo wọlé? Tún un sọ! O ní àwọn tó ń kọ sáfà gidi, ẹ̀rọ tí yóò máa sọ ibi tí bọ́ọ̀sì wà fún áàpù, ò tíì parí tiwọn, ìwọ náà ò sì lè káwọ́ gbera, lo bá gbé sáfà àdíbọ́n kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹ, pé kó máa dá áàpù lóhùn bí ẹni pé òun ni gidi. Ó dáa, mo gbọ́. Èmi náà máa ń fi pépà gé aṣọ wò kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ gidi. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo rí mi tí mo wọ aṣọ pépà fún oníbàárà, tí mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́?

Àti pé, irú sáfà wo tiẹ̀ nìyí? Mo gbé ọmọ lé itan, mo tẹ̀ ẹ́: ọmọ ti sọ̀kalẹ̀. Mo kọ orúkọ ọkọ mi, tí ikùn ẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì kọjá: ó ti sọ̀kalẹ̀. Mo kọ orúkọ ìwọ tó ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀: ìwọ náà ti sọ̀kalẹ̀, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá! O ò kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn ni? O ò kọ́ ọ pé táyà máa ń jò? O ò kọ́ ọ kó máa ní "ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀"? Ọmọ mi mọ̀ ọ́n sọ! Ìròyìn ayọ̀ nìkan lo fi ń bọ́ áàpù ẹ. Lọ́jọ́ tí sáfà gidi bá wá ní òun ò rí bọ́ọ̀sì, kí ni áàpù ẹ fẹ́ wí fún ìyá ọmọ?

Ẹ̀ẹ́n, gba fóònù mi.

Mi ò ní ṣépè fún ẹ, ọmú kan náà la jọ mu. Wàá yọ nǹkan yìí kúrò lórí fóònù mi nísinsìnyí. Wàá kọ́ sáfà ẹ ní "ó pẹ́" àti "mi ò mọ̀" kó o tó tún gbé e fún ìyá kankan. Wàá lọ bẹ bàbá géètì. Láti ọ̀la lọ, ìwọ gan-an lo máa dúró de bọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹ á sì kan ọwọ́ ọmọ mi kó o tó pè mí. Ṣó o gbọ́?

Ó dáa kẹ̀? Kíá báyìí? Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán o! Ṣé wàá tún fọ gbogbo aṣọ ilé yìí? Ó dáa? Ṣé wàá gbé oníbàárà mi pọ̀n délé ẹ̀? Ó tún dáa? Yéè, mo gbé! Háà-háà-háà! Kúrò níwájú mi, jọ̀ọ́, kẹ́rìn-ín tó pa mí sọ́rùn ẹ!