Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Tó Gba Ẹ̀mí Ọmọ Káfíńtà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ má ṣe sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ọpọlọ mi pé. Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi, ó rò pé n kò gbọ́, pé ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ kan kú, èmi ni mo pa á, ẹlòmíì ló sì jìyà rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò ni mo ti jẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ya àwọn ohun tí ara ń sọ oúnjẹ dà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ó po ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi oògùn, ẹ̀rọ á tì í gba inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ki lẹ́búlẹ́bú sí nínú, ohun kọ̀ọ̀kan á jáde ní àsìkò tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì yà á bí òkè sórí ìwé. Bí òkè kan bá ga jù, ohun kan wà nínú wàrà ọmú tí ara ọmọ náà kò lè lò nìyẹn, tí á sì di májèlé sí i lára. Bí wọ́n bá tètè fi wàrà mìíràn rọ́pò rẹ̀, á yè. Ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan ń gbà, èyí tó kù á sì máa tò jọ nínú fìríìjì. Mo pààrọ̀ páìpù sí èyí tó kúrú, mo mú kí ó gbóná sí i, mo mú kí omi rẹ̀ sáré sí i, oṣù mẹ́fà gbáko, títí ó fi di ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ gidi ni, n kò ní parọ́ mọ́ ara mi. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Oníṣẹ́jú-Mẹ́sàn-án. Orúkọ yẹn dùn létí mi ju èyí tí ìyá mi sọ mí lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà, obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, Ìyá Ìbejì là ń pè é, mú ìwé kan wá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè yìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wú. Ó jọ pé nǹkan méjì ló ń jáde pọ̀, tí ọ̀kan sá pamọ́ sẹ́yìn ìkejì." Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ àti wàhálà! Ọmọ ta ni?" "Ọmọ káfíńtà kan ni. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́nà àtijọ́. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni, ọ̀gá." "Lójú àlejò? Buwọ́ lù ú pé ara ọmọ le, jàre." Ó ní òun ò lè buwọ́ lu ohun tí kò dá òun lójú. Mo gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo buwọ́ lù ú fúnra mi. Mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n òkè yẹn kò kúrò lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo dá páìpù àtijọ́ padà, mo fi ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sí i. Òkè méjì dúró gedegbe. Ìkejì ga débi pé orí rẹ̀ yọ kọjá ìwé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó burú jù. Tẹlifóònù wà níwájú mi. Nọ́ńbà káfíńtà wà lára fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju pé: ẹ gba ọmú lẹ́nu ọmọ yẹn, ẹ máa gbé e bọ̀. Mo gbé tẹlifóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní wọ́n á béèrè ẹni tó buwọ́ lù ú lánàá. Mo ní kí n tún ọ̀nà mi ṣe ná, kí n wá pè lọ́jọ́ Ajé, bí ẹni pé àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì ló gbé e jáde. Mo ká ìwé náà sápò, mo lọ sílé, mo sì jẹun. Àní mo jẹun!

Nígbà tí mo pè lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan ló gbé tẹlifóònù. "Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni mí. Ọmọ ti lọ láàárọ̀ àná. Bàbá rẹ̀ ò tíì lè sọ̀rọ̀ o."

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú ọmọ náà pé Ìyá Ìbejì ló ṣi ìgò ẹ̀jẹ̀ mú, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn ló wà lórí ìwé tí mo buwọ́ lù. Ó wò mí, kò sunkún. Wọ́n lé e. Káfíńtà fúnra rẹ̀ wá bá mi, ẹ̀rún pákó ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe sí i. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ìyàwó mi ń sọ pé ọmú òun ló pa á. Màá lọ sọ fún un." Mo jẹ́ kó dúpẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Ìyá Ìbejì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀rí ni n kò ní lọ́wọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì lè ṣe é, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ mi rí i kà. Kí ẹ sì pe káfíńtà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ọ̀nà tó yá, ẹ máa wá a, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lábẹ́ yín bá ní kí ẹ wo nǹkan, ẹ wò ó. Bí ẹ bá sì ti rí i, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Ajé.

Mo ti pe káfíńtà. Ọ̀la ló ń bọ̀. Ó rò pé ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ ṣe, ó ní ṣé kí òun mú tépù tí òun fi ń wọn pákó dání. Mo ní rárá, kó mú ìyàwó rẹ̀ dání.