Yésúfù, Dá Ọdún Mẹ́rìnlá Mi Padà

Yésúfù, má kí mi! Má dọ̀bálẹ̀ rárá, aṣọ rẹ á dọ̀tí. Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ṣé èmi Sàfúrátù tí ìwọ akọ̀wé kóòtù fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ di ọmọ àná? Ẹgbẹ́ ni wá báyìí. Jókòó. Mi ò ní fún ẹ lómi.

O ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Makun lánàá? Obì gbànja àkọ́so ọdún yìí wọlé láti oko. O mọ ilé wa, àgbà obìnrin ilé ló ń kọ́kọ́ mú nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án, ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti ń mú un. Mo nawọ́, Yésúfù, mo nawọ́ báyìí, Raqeebah ọmọ-ọmọ mi gbé àwo obì kọjá lórí ọwọ́ mi, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Látífàt! Látífàt àbúrò mi! Ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Mo ní kí lò ń ṣe, ọmọ yìí? Ó ní, “Màmá, àwọn onísáyẹ́ǹsì ti sọ pé Màmá Látífàt ni àgbà.” Látífàt wá bu obì jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò mi, ní sùúrù, tìrẹ ń bọ̀.” Yéè! Mo kú!

Àwọn onísáyẹ́ǹsì wo? Àwọn ọmọ kan tí wọ́n wá láti Èkó lóṣù tó kọjá ni, Níyì ni ọ̀gá wọn ń jẹ́, ó mọ̀wé, kò mọ èèyàn. Wọ́n ní àwọn ń wádìí ohun tó ń mú ènìyàn darúgbó, àti bí a ṣe lè pẹ́ láyé ju báyìí lọ. Wọ́n ní lókè òkun, wọ́n ti fún eku lóògùn, eku sì pẹ́ láyé. Eku o! Eku tí èmi ń ra májèlé fún nítorí obì mi, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń wá fún un! Wọ́n tún ní eku tí wọn ò fún lóúnjẹ yó ń pẹ́ ju èyí tó ń jẹ àjẹyó. Mo ní, ọmọ mi, bó bá jẹ́ ti ebi ni, ta ló máa kú mọ́ ní Ṣàgámù?

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fa ti Látífàt. Wọ́n ní ọjọ́ orí méjì ni ènìyàn ní, èyí tí a kà àti èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èsì dé. Ẹ̀jẹ̀ Látífàt jẹ́ ti ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tèmi jẹ́ ti mẹ́rìnléláàádọ́rin. Tèmi ló kéré! Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù báyẹn, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí wọ́n máa yà ní fọ́tò? Níyì wo ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí ìwọ tẹ̀ fún mi ní kóòtù, ó ní, “Màmá, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni yín, ọdún mẹ́ta péré ló fi dín, kò sí ìyanu níbẹ̀.” Látífàt tí kò ní ìwé kankan ńkọ́? Ó ní ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí òun. Wọ́n ṣírò, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ẹni tí kò ní ìwé ni wọ́n gbà gbọ́!

Ta ló fà á bí kò ṣe ìwọ? Kí lo wí? Pé èmi ni mo wá bẹ̀ ẹ́? Ó dáa, mo bẹ̀ ẹ́. Ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn, kánsù fẹ́ lé gbogbo àwa agbálẹ̀ tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún sílé, ọmọ márùn-ún wà lọ́rùn mi, bàbá wọn ti kú. Mo ní kó o bá mi dín ọjọ́ orí mi kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí! Mo ní kó o gé èékánná, o gé ìka.

Ta ló mú Látífàt wá jẹ́rìí? Ẹ̀n-ẹ́n, èmi náà ni. Ṣebí ìwọ lo ní àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ búra pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi? Àwọn àgbà wa sì ti kú tán. Mo bẹ Látífàt kó ṣe ẹ̀gbọ́n mi fún wákàtí kan péré. Ó gbé Kùránì, ó ní, “Èmi Látífàt, ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù, ojú mi ni yèyé wa ṣe bí i.” Èmi ni mo tún ra mọ́ínmọ́ín fún un nígbà tá a jáde! Mo sọ fún un lánàá pé wákàtí yẹn ti parí tipẹ́. Ó ní òun ò rántí pé òun kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Wàláì, mi ò gbà! Dìde, wọ bàtà rẹ, kóòtù yá. Wàá sọ pé irọ́ lo tẹ̀, èmi á sọ pé irọ́ ni mo ní kó o tẹ̀. Kí lo wí? Ẹ̀wọ̀n? Pé ẹ̀wọ̀n ni ìbúra èké?

Dúró ná, Yésúfù. Bí adájọ́ bá fẹ́ sọ mí sẹ́wọ̀n, ṣé kò ní kọ́kọ́ ka ọjọ́ orí mi gan-an síta? Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù? Wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e? Hà-hà-hà! Alihamudulilahi! Mú mi lọ, jọ̀ọ́! Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé Sàfúrátù, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ẹ̀gbọ́n Látífàt, òpùrọ́. Kí Látífàt wá máa gbé obì bọ̀ fún mi lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, lórí ìkúnlẹ̀!