Waris Yọ "to-o" Lẹ́nu Kọ̀ǹpútà Mi

Ràhmát, má tíì jókòó! Dúró síbẹ̀ kí n bi ọ́ léèrè, kí ni mo fi ṣe àbúrò rẹ? Kí ni mo fi ṣe Waris o, tó fi dójú tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ara mi, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ọ̀la ni wọ́n máa fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn sílẹ̀? Wò wọ́n níta! Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbérò, wọ́n ń pariwo pé, Àǹtí Ìbíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Ìbíkẹ́, ẹ bá wa ṣe é, èmi Àǹtí Ìbíkẹ́ sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n gba ahọ́n lẹ́nu ẹ̀!

Ṣé o mọ bí ìwé àwọn ọmọ yìí ṣe máa ń rí, lẹ́tà ibí á tóbi, tọ̀hún á kéré, nọ́ńbà ojú ewé ò ní tẹ̀ léra. Waris ló jókòó sórí àga yẹn nígbà tó wà ní yunifásítì níbí, tó kọ iṣẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà tó ń tún gbogbo ẹ̀ ṣe fún mi. Ó ṣeun, mi ò sọ pé kò ṣeun! Ó wá ní, Àǹtí, ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ máa tẹ̀ sójú dúdú inú kọ̀ǹpútà yìí kí iṣẹ́ náà máa dáhùn? Mo ní "to-o" ni. Ohun tí ìyá mi máa ń pariwo mọ́ mi nìyẹn nílé wa ní Efire tí a bá ń to ẹja sórí ààrò, tò ó, Ìbíkẹ́, tò ó dáadáa! Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sí i. Mo tẹ "to-o", ìwé tò. Ayé mi dùn!

Àfi lánàá tó pè mí láti Èkó pé òun ti tún iṣẹ́ náà ṣe, kí n gba tuntun. Mo gbà á, èmi aláìmọ̀kan! Láàárọ̀ yìí mo tẹ "to-o", kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ò mọ̀ ọ́n! Àfi bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó lo ọ̀sẹ̀ kan l'Ékòó, tó dé, tó ní òun ò gbọ́ èdè ilé mọ́.

Mo pè é. Ó ní àwọn ará òkè òkun ti ń gba iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kò bójú mu kí òyìnbó máa tẹ "to-o" tí wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́, "format-document", tó jẹ́ kí a to ìwé lédè òyìnbó, lòun fi rọ́pò ẹ̀. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀wé o, Ràhmát! Kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ gbọọrọ yẹn, mo ti fi lẹ́tà kan sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún kọ̀. Ṣé èmi ò kọ́ tiwọn ni?

Kí lo wí? Pé bóyá inú iṣẹ́ náà ló yí padà? Rárá o! Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí! Òun fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi nígbà náà pé ìlà kan péré ló wà lẹ́nu àpò tí iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀, tó ń sọ pé bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ báyìí, iṣẹ́ báyìí ni kó jáde. Kó kọ ìlà méjì ńkọ́? Kí òyìnbó máa tẹ tiwọn, kí n máa tẹ tèmi, kí iṣẹ́ kan náà máa dá gbogbo wa lóhùn! Ó pa ọ̀rọ̀ ìyá mi rẹ́! Olúwa tí mo ń wọ funfun sìn, kò ní dáa fún... rárá, mi ò ní ṣépè. Àmọ́ kí ìyàwó tó bá fẹ́ máa fi èdè tí kò gbọ́ pè é wá jẹun!

Má bá mi rẹ́rìn-ín! Kí lò ń wò lórí fóònù? Ibi tí àwọn tó ń lo iṣẹ́ náà ti ń kọ̀wé sí Waris? Kà á sókè. Ará Jámánì? Ó ní kí ni? Tún un kà! Ó ní "to-o" ti mọ́ òun lọ́wọ́, kí ẹni tó yọ ọ́ dá a padà kíá? Ará Kánádà náà? Haa! Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín á pa mí! Pe Waris fún mi. Má bá a sọ nǹkan kan, ṣáà gbé fóònù sí mi létí, kí n bi í léèrè òyìnbó wo ni ò mọ "to-o".