Àbúrò Tí Mo Kọ̀wé Pé N Kò Mọ̀

Ràfátù, ìyàwó àbúrò mi, ní òun yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ní ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀. Nítorí náà, òní ni ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá jáde, obìnrin náà yóò la òkun kọjá láti lọ wá ẹni tí kò sí mọ́. Èmi ni Rùfáì Fádáhùnsí, ọmọ Ọ̀tà, akọ̀wé tẹ́lẹ̀ rí. Ẹ̀yin ará ilé wa, Alùfáà Láwàlì ni mo bẹ̀ pé kó ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí ẹnu mi kò lè sọ ọ́, ojú mi kò sì lè wo ojú yín bí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Nígbà kan, ọlọ́pàá ni mo ń bẹ̀rù. Ní báyìí, ìbéèrè inú sàréè ni. A ti kọ́ wa láti kékeré pé màláíkà méjì yóò bi òkú léèrè ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó sìn. Kí ni n ó fi dá wọn lóhùn, èmi tí wọ́n ti bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, tí mo sì parọ́?

Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun Hítílà ṣì ń lọ, mo ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ fún oko kòkó ní erékùṣù Fẹnandopó. Àdéhùn wọn fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra. Àjèjì tó bá ní káàdì tí dókítà fọwọ́ sí, bí àìsàn bá gbé e dè lọ́hùn-ún, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ, wọn kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti ń yọ díẹ̀ lára owó oṣù gbogbo wọn sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kú, ìyàwó rẹ̀ nílé yóò rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n àjèjì tí kò ní káàdì kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ tó ṣáko. Àmọ̀dá àbúrò mi, tí ìyá kan náà bí wa, jẹ́ káfíńtà. Ó ti lé lọ́dún kan tí ikọ́ ti mú un. Ìyá wa se àgbo títí, kò gbọ́. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú kò ní ju kuníìnì àti oògùn egbò lọ. Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Níhìn-ín tí mo ti jẹ́ onílé, ikọ́ fẹ́ pa mí. Lọ́hùn-ún tí n ó ti jẹ́ àjèjì, wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́. Àbí ẹ ò rí i pé àjèjì sàn ju onílé lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì dá bọ̀rọ̀.

Dókítà kò lè fọwọ́ sí ẹni tó ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Èmi ni mo gbèrò pé kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ níwájú dókítà. Jìbírílù, ọmọ àbúrò bàbá wa tó ń fún epo ní Ìtẹ̀lé, lágbára bí ẹṣin. Nígbà tí mo sọ fún un, ẹ̀rín ló fi ṣe. Ó ní, "Ṣé àyà nìkan ni òyìnbó fẹ́ gbọ́? Ẹ wá yá tèmi, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ ṣáà rántí dá a padà." Ilà kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì, nítorí agbolé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ fún wọn. Ní tiwa, bí a bá ti rí ilà, a ti mọ ilé, a ti mọ bàbá, a ti mọ ènìyàn. Mo rò pé ilà ni dókítà yóò kọ sínú káàdì bí àmì ìdánimọ̀, tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Dókítà gbé rọ́bà tó fi ń gbọ́ àyà lé àyà Jìbírílù, ó ní ó dára. Mo tọ́ka sí ilà ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo yín lẹ ní èyí, kò wúlò fún òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Epo gbígbóná ti dà sí Jìbírílù lẹ́sẹ̀ rí. Dókítà ń pè é, mo ń kọ ọ́: àpá iná, ojúgun òsì, ó gùn tó ìka ọwọ́. Ọwọ́ tèmi yìí ló kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ojúgun àbúrò mi dán, kò ní àpá. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ta ni yóò máa wo ojúgun ẹni tí àyà ń dùn? Èmi tí mo kàwé ní Èkó, tí mo ń fi kọ́là ọrùn ẹ̀wù ṣakọ, bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn.

Ọjọ́ tó ń lọ, oyún oṣù márùn-ún wà nínú Ràfátù. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé wa kì í pe orúkọ ọmọkùnrin ilé. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé mi, ìwé yín ló ń gbé e lọ o. Ìwé yín náà ni kó gbé e padà wá fún mi." Mo ní kó má bẹ̀rù.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, nínú òjò, lẹ́tà dé láti ọsibítù lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ń ṣí lẹ́tà, kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Àmọ̀dá Fádáhùnsí wà lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn. Wọ́n ní káàdì sọ pé ó ní àpá iná, àwọn kò sì rí àpá kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, àti pé bí ó bá jẹ́ òun ló ni káàdì náà, àwọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ní kí àwọn bi akọ̀wé Ọ̀tà, pé akọ̀wé náà mọ òun dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣì ń dáàbò bò mí kí ọ̀rọ̀ má bàa rú. Ó ní mo mọ òun, ó fi ìyókù lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá gbé akọ̀wé kan kọjá ní Sango lórí lọ́rì, tòun ti ṣẹkẹṣẹkẹ̀, nítorí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó ti tọ̀ sára, àwọn ọmọdé sì ń hó lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé lẹ́tà náà sápò. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń fi ọwọ́ bo àpò náà. Ìyá wa ní, "Rùfáì, o ò jẹun. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ búburú dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ?" Mo ní rárá. Bí mo bá kọ̀wé pé òun ni, pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe nípa àpá, wọn ì bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá ǹ bá sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà péré! Ǹ bá ti padà wálé kí Mùíbátù tí Ràfátù bí tó lè dá ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Ní ọjọ́ kẹta, mo mú kálàmù. Mo kọ ọ́ pé: Ẹni tó ni káàdì yìí ní àpá iná lójúgun òsì. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín, a kò mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù títí di òní nìyẹn, pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Wọ́n fèsì. Ìwé náà wà nínú àpò ìwé yìí, kí Alùfáà fi hàn yín. Ọjọ́ tí lẹ́tà mi dé ni wọ́n gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó padà sí àgọ́ àwọn lébìrà, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló ń sọ pé lẹ́tà yẹn kọ́ ni lẹ́tà akọ̀wé Ọ̀tà, pé kí wọ́n ní sùúrù, lẹ́tà tòótọ́ ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n sin ín. Nítorí pé wọ́n gbà pé orúkọ tó ń jẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, wọn kò kọ orúkọ kankan sórí sàréè rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í dá nìkan gbé. Ìyá wa àti Ràfátù kò mọ̀wé, èmi ni mo ń kà fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà bí ẹni pé Àmọ̀dá ló kọ ọ́, mo ń kà á sí wọn létí. Ìyá wa á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀!" Nígbà tó sú mi, mo kọ ọ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún, kí wọ́n má retí rẹ̀ kíákíá. Jìbírílù bi mí léèrè títí, irọ́ kan náà ni mo pa fún un. Kò mọ ohunkóhun nípa ìwé tí mo kọ, ẹ má dá a lẹ́bi. Ní gbogbo Iléyá, ìyá wa ń yọ ìpín ẹran Àmọ̀dá sọ́tọ̀, ó ń sá a sórí ààrò, ó ń so ó mọ́ àjà títí kòkòrò fi ń jẹ ẹ́. Mo ń wọlé lábẹ́ ẹran náà, mo ń jáde lábẹ́ rẹ̀, fún ọdún méjìlá.

Ìyá wa kú lóṣù tó kọjá. Ẹ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ fìdáù nígbà tí Alùfáà béèrè iye ọmọ tó fi sílẹ̀ sáyé. Mo ní àwa méjì. Lẹ́yìn àdúrà ni Ràfátù wá bá mi. Ó ní, "Akọ̀wé mi, kí ọlọ́jọ́ tó dé, ìyá ní kí n lọ mú ọmọ òun wá. Mo ti ta aṣọ àrán mi fún owó ọkọ̀. Bó bá ti fẹ́ ìyàwó, n ó kí i. Ṣebí èmi ni ìyálé. Mo kàn fẹ́ kí Mùíbátù rí ojú bàbá rẹ̀ ni. Ẹ bá mi kọ orúkọ oko tó wà sínú ìwé, kí n máa fi béèrè ọ̀nà." Mo mú kálàmù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi gbọ̀n. N kò lè kọ ọ́.

Ràfátù, má lọ. Opó ni ọ́ láti ọdún 1945, èmi ni n kò jẹ́ kí o ṣe opó rẹ̀. N kò ní kí o dárí jì mí. N kò ní ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kírun sí Àmọ̀dá lára, ẹ pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ kò bá gbà, n ó dúró síta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, tí ẹ ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ìwé síwájú yín pé ṣé ẹ mọ ẹnì kan. Ẹ̀rù yóò bà yín. Ẹ jẹ́ kó bà yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ òtítọ́ sí i.

Èsì tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ nìyí. Mo kọ ọ́ lónìí, ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́: Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní àpá kankan lójúgun. Àmọ̀dá ọmọ Fádáhùnsí ni, àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.