Ilẹ̀ Tí Mo Ń Bá Ìyá Rónkẹ́ Gbá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé èmi Ìyá Délé kì í dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yìí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, bí a bá sì ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo ti kọrí sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi hàn mí lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó kọjá, bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Ẹ mọ àdúgbò wa lókè yẹn. Nígbà tí wọ́n mú mi ní ìyàwó wá síbẹ̀, ariwo ọmọdé kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Lónìí, ilé tèmi nìkan ni èéfín ti ń jáde. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti bá ọmọ wọn lọ sí ìlú ńlá. Èmi àti Ìyá Rónkẹ́, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, la jọ kù kẹ́yìn, òun náà sì ti sùn nínú Olúwa. Igi agbálùmọ̀ kan ló wà láàárín àgbàlá wa, òun ni ààlà. Láyé rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí nínú wa á gbá tirẹ̀, á kọjá igi náà, á sì gbá ti ẹnì kejì dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn tí mo rí ojú ìgbálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ilé mi, mo mọ̀ pé ó ti borí mi lónìí nìyẹn, màá sì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tó ti lọ, èmi ni mò ń gbá méjèèjì. Rónkẹ́ ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, kì í ráyè wálé. Bí mi ò bá gbá a, koríko á bo ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, èmi ni màá sì máa wò ó láti ojú fèrèsé lójoojúmọ́. Mi ò lè fara dà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fún ilẹ̀ ní nọ́ńbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ilẹ̀ mìíràn kò ní jẹ́ láéláé. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí, ẹni tí wọ́n bá sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà náà ló ni ilẹ̀. Ó wá wo àgbàlá títí.

“Màmá, gbogbo ibi tó mọ́ tónítóní yìí, ṣé tiyín ni?”

Mi ò bá ọmọ náà wí. Ibi tí ìgbálẹ̀ dé ló rò pé ilẹ̀ mi dé. Mo ní kó jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ná. Ó ní kò burú, pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti kọ ọ́ wọlé. Ó ní ó yẹ kí ẹni tó bá mi pààlà dúró ní ìhà kejì kó jẹ́rìí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ohun tí mo bá sọ náà ni àwọn máa kọ.

Mo pe Délé lórí fóònù. Ẹ ò mọ bí inú ọmọ yẹn ṣe dùn tó!

“Màmá, ẹ sọ pé tiwa ni! Ta ló kù níbẹ̀ tó máa bá yín jiyàn? Ṣé Rónkẹ́ tí kì í wálé ni? Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pọ̀ fún wa, màá kọ́lé síbẹ̀, màá kó ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wá bá yín.”

“Wá bá mi kẹ̀?”

“Ẹ ò ní dá nìkan wà mọ́, Màmá.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Kì í ṣe ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́rú mo gbààwẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní mi, mo ní kí Olúwa fúnra rẹ̀ sọ fún mi ohun tí màá dá àwọn èèyàn náà lóhùn. Mi ò tíì ṣe àmín tí oorun fi gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ó ní, “Dìde, tẹ̀ lé mi.” Mo tẹ̀ lé e.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé, ooru rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn gùn dé ilẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n sì ń ké. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n nílé tí wọ́n bá wọ̀. Mo rí ajagungbalẹ̀ kan tó ń kọ́lé, bó ti ń kan òrùlé mọ́ ọn ni ilé náà ń wó lé e lórí, tó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó nawọ́ sí mi. “Ìyá mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí n kàn sùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré!”

Olùtọ́nà mi ní, “Àwọn tó lé jáde náà kò rí ibi sùn.” Ó fà mí kọjá.

Ibi tí a wá dé lẹ́yìn èyí kò gbóná rárá. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí igbe. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, wọ́n gbá a mọ́, ojú ò tó òpin rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ olówó ńlá ń rìn lórí rẹ̀, ó ń ké nọ́ńbà ilẹ̀ rẹ̀ bí ìyá tó ń pe orúkọ ọmọ tó sọnù lọ́jà. Bó bá pè é tán, á dúró, á tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní, “Ta ló bá mi pààlà o? Ẹ dá mi lóhùn!” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Mo ní, “Olúwa mi, kí lọkùnrin yìí ṣe?”

“Ó gba ti ará ọ̀tún, ó gba ti ará òsì. Ohun tó fẹ́ náà la fún un.”

A rìn síwájú díẹ̀, mo sì rí ilẹ̀ mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, igi agbálùmọ̀ kan wà láàárín rẹ̀, ilé kan wà níbẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ búlúù, ìgbálẹ̀ tí mo fi àkísà pupa so wà lẹ́nu ọ̀nà, ilé mi ni, ẹ̀yin ará, ilé mi ni, mo sáré wọlé, mo ké pe Délé, mo ké pe ìyàwó rẹ̀, mo ké pe àwọn ọmọ, mo wọ yàrá, mo jáde, mo sáré lọ síbi tí ilé Ìyá Rónkẹ́ yẹ kó wà, kò sí ilé, kò sí ìpìlẹ̀, ilẹ̀ gbígbá ni, mo sáré síwájú, ilẹ̀ gbígbá ni, mo fẹ́ ké, ohùn mi kò jáde!

Ìgbà tí mo rí ẹnu sọ̀rọ̀, mo ní, “Ta ló nibí?”

Olùtọ́nà mi kò wò mí lójú. “Kò tíì ní olúwa. Nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ lọ́la ni a ń retí.”

Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sunkún. Ó gbé mi dìde, ó mú mi gba ẹnubodè kan kọjá, afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ sí mi lójú. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn olóòótọ́ tó ń sinmi. Wọn kò mọ ògiri yí ilé wọn ká. Pèrègún ni wọ́n gbìn sí ààlà, kò ga ju orókún lọ, wọ́n sì jókòó níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Mo rí obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀, tó ń gbálẹ̀. Ó gbá tirẹ̀ dé ìdí pèrègún, ó kọjá, ó ń gbá ilẹ̀ òfìfo kan lọ.

“Ilẹ̀ ta ló ń gbá yẹn?”

“Ti ẹni tí kò tíì dé.”

Obìnrin náà gbé orí sókè. Ìyá Rónkẹ́ ni! Ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Ìyá Délé, mo ti jí ṣáájú yín lónìí o!”

Mo fẹ́ sáré lọ bá a. Olùtọ́nà dì mí lápá mú. Ó ní, “Kò tíì tó àkókò. Padà, kí o sì sọ ohun tí o rí.”

Mo jí lórí ẹní mi, omijé ti rin aṣọ mi gbindin. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ilé tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọbìnrin yẹn padà dé. Mo mú un lọ sídìí igi agbálùmọ̀. Mo ní, “Ibí ni tèmi parí sí. Ti Rónkẹ́ ló kù.”

“Màmá, kí ló wá dé tí ẹ ń gbá ọ̀hún?”

“Mò ń bá ìyá rẹ̀ gbá a ni.”

Ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. “Ta ló máa wá bá a dúró ní ìhà kejì?”

Mo kọjá igi náà, mo dúró níhà ibẹ̀, mo kọjú sí ilé ara mi. Mo rí ilé mi bí Ìyá Rónkẹ́ ṣe máa ń rí i: ilé kékeré kan, ìró kan ṣoṣo lórí okùn aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́rìí fún Rónkẹ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà méjì, ọ̀kan sí orúkọ mi, ọ̀kan sí orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Délé, kò sì tíì pè mí láti ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀yin ará, irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ hú pèrègún ààlà gbìn sí iwájú, tí ẹ ń wò pé kò sẹ́ni tó máa jiyàn, ọ̀run àpáàdì tí mo rí gbẹ̀yìn kò lo igi ìdáná. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá síbí, mo gbá tèmi dé ìdí igi, mo na ẹ̀yìn díẹ̀, mo sì kọjá sí ọ̀hún. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ tètè lọ kí ẹni tó bá yín pààlà. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ ó máa pè é, tí kò ní dáhùn.